Bí A Ti Lọ Ya Fọ́tò Ìwọ̀ Oòrùn Lójú Ọ̀sà Èkó

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ń gbé Èkó, tí ẹ sì ń kọjá lójú omi tàbí lórí afárá lójoojúmọ́, ní ọ̀nà ibi iṣẹ́ tàbí ní ọ̀nà ọjà, ṣùgbọ́n tí ẹ kò ì tí ì gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan rí láti wo ibi tí oòrùn gbà wọlé. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àwa pàápàá. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a ròyìn fún yín bí àwa méjìdínlógún ti wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, tí a lọ sí àárín ọ̀sà láti ya fọ́tò oòrùn nígbà tí ó bá ń wọ̀. A ó sọ ohun tí a rí níbẹ̀, àṣìṣe tí a ṣe, àti ẹ̀kọ́ tí a mú bọ̀ wá sílé.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Àwa tí a jọ jókòó ní ilé-ìwé kan náà ní kékeré ni. A máa ń pàdé ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún láti jẹun, láti bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, àti láti bá ẹni tí ó ń ṣe ìnáwó yọ̀. Ní ọdún yìí, ọ̀kan nínú wa dá a lábàá pé dípò kí a tún jókòó yí àwo ìrẹsì ká, kí a dá owó jọ, kí a sì gba ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí méjì. Ó ní òun yóò mú ìyá òun dání. Ìyá yìí ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún dáadáa, gbogbo wa ni a sì ń pè wọ́n ní Màmá.

Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n ní àwọn yóò bá wa lọ, ṣùgbọ́n àwọn ní ẹ̀bẹ̀ kan. Wọ́n ní kí a ya fọ́tò kan fún àwọn lójú omi, èyí tí ó dára, tí àwọn ọmọ yóò lè gbé kọ́ sára ògiri nígbà tí àwọn bá ti lọ. Wọ́n ní, “Èyí tí ó wà nílé, ti ìwé ìrìnnà ni. Ó dà bí ẹni pé ọlọ́pàá ni ó mú mi.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Màmá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé ojú omi ni wọ́n fẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Màmá. Kí ọ̀nà ilẹ̀ tó dára, omi ni ọ̀nà àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti ti Ejìnrìn sí Èkó. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ àtukọ̀-fi-ọ̀pá-tì a máa gbé èrò àti ẹrù wá láti ọjà Ejìnrìn, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri nígbà náà. Ní ọmọdébìnrin, Màmá a máa bá ìyá wọn kó ẹja gbígbẹ wá sí Èkó ní ọ̀nà yìí. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ omi, wọn kò tún dé orí ọ̀sà mọ́.

ÌMÚRA WA

A yan oṣù kọkànlá nítorí ìdí méjì. Èkíní ni pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìkùukùu kò sì bo ojú ọ̀run mọ́ bí ti oṣù kẹfà àti oṣù keje. Èkejì ni pé ọyẹ́ kò tí ì dé. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa bo ojú ọ̀run, oòrùn a sì pa rẹ́ sínú eruku náà kí ó tó dé ìsàlẹ̀, bí owó fàdákà tí ó bọ́ sínú omi ògì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, oòrùn a máa wọ̀ ní Èkó ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ mọ èyí dájú, nítorí pé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín oòrùn kì í fi àkókò ṣòfò. Láti ìgbà tí etí rẹ̀ bá kan ìsàlẹ̀ ọ̀run títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ará wa tí ń gbé London mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹfà ọdún, ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn níbẹ̀ a máa lé ní ìṣẹ́jú 45. Ohun tí ó fà á ni pé lọ́dọ̀ wa oòrùn ń sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀gangan, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà lọ.

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni a péjọ sí èbúté kan lẹ́bàá odò Five Cowrie, èyí tí ó la àárín Ìkòyí àti Victoria Island kọjá. Awakọ̀ wa jẹ́ ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ó pín ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó lójú omi fún wa, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn ti Màmá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ṣàròyé pé ẹ̀wù náà yóò bo léèsì tí òun wọ̀ fún fọ́tò. Awakọ̀ dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, omi kò mọ léèsì.”

Lẹ́yìn èyí ó fún wa ní òfin mẹ́ta. Kí olúkúlùkù jókòó sí àyè rẹ̀. Kí gbogbo wa má ṣe jọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a má sì bá òun jiyàn nígbà tí òun bá sọ pé ó tó àkókò láti padà, nítorí pé ìjọba ìlú Èkó kò fẹ́ kí ọkọ̀ èrò máa rìn lójú omi lóru. Gbogbo wa fi ohùn kan dáhùn pé a gbọ́.

LÓJÚ OMI

Ọkọ̀ gbéra, a sì kọjá lábẹ́ afárá tí ó so Lẹ́kí mọ́ Ìkòyí, èyí tí a ṣí ní 2013, tí a fi okùn irin fà rọ̀ mọ́ òpó gíga kan. Nígbà tí a yọ sí gbangba ọ̀sà, afẹ́fẹ́ yí padà, ariwo ìlú sì dákẹ́ lẹ́yìn wa. Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Òórùn náà kò yí padà.” Òórùn omi, ẹja àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

A yà sí òsì, a yí Ìkòyí po, a kọjá lẹ́bàá erékùṣù Banana tí ọwọ́ ènìyàn fi iyanrìn kọ́ sínú omi, a sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Níwájú wa ni afárá Third Mainland na ara rẹ̀ sí. Ní 1990 ni a parí rẹ̀, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8, títí di 1996 kò sì sí èyí tí ó gùn tó o ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti orí ilẹ̀, ohun tí a mọ afárá yìí fún kò ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ojú omi, ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnì kan tẹ́ sílẹ̀ láti sà. Ní òdìkejì rẹ̀ lọ́hùn-ún, èéfín ìdáná ìrọ̀lẹ́ ń lọ sókè láti Màkóko, níbi tí àwọn apẹja kọ́ ilé wọn sí orí òpó nínú omi. Ọkọ̀ àwọn akóyanrìn méjì kọjá lẹ́bàá wa; ìgbòkun wọn jẹ́ oríṣiríṣi aṣọ àti àpò tí a rán pọ̀, ẹrù inú wọn sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí wọn dọ́gba.

Ọmọkùnrin ọ̀kan nínú wa, ẹni tí ó fi iṣẹ́ fọ́tò ń jẹun, wà pẹ̀lú wa. Kò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n gbogbo wa sọ ara wa di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí a nu ojú fóònù wa, nítorí pé omi tí ó ń ta sókè ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ a sì máa sọ ìmọ́lẹ̀ di èéfín nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà ó ní kí a má ṣe gbé apá lé etí ọkọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n jù lọ. Kí a gbé ìgúnpá mọ́ ìhà, kí ara wa gba ìgbọ̀nrìrì náà. Ó kìlọ̀ fún ẹni kan ṣoṣo tí ó mú kámẹ́rà onígíláàsì gígùn wá pé kò gbọdọ̀ tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ihò kámẹ́rà wo oòrùn nígbà tí ó ṣì mọ́lẹ̀, nítorí pé ó lè fọ́ ojú ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti títóbi oòrùn. Ó ní bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ojú wa a máa rí i bí ẹni pé ó fẹ̀ bí awo ìjẹun, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò kì í ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní kí a na apá wa tààrà, kí a gbé ọmọńdinrín sókè. Ìka kékeré náà sì bo oòrùn pátápátá. Nítorí náà, ó ní kí a má ṣe lépa oòrùn nìkan, kí a wá ohun mìíràn tí yóò wà níwájú rẹ̀: apẹja, ìgbòkun, tàbí òpó afárá.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí oòrùn fi ń pọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni èyí. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni gbogbo àwọ̀ wà. Ní ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ náà ń bọ̀ láti òkè tààrà, afẹ́fẹ́ tí ó ń là kọjá kò sì nípọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà wá, afẹ́fẹ́ tí ó là kọjá sì tó ìlọ́po 38 ti ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ yìí a máa fọ́n àwọ̀ aró ká sí ojú ọ̀run, pupa nìkan ni yóò sì kù tí yóò dé ojú wa. Lord Rayleigh, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ báyìí ní 1871.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ lù, oòrùn sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀yìn afárá. Ó pọ́n bí epo tuntun. Ọ̀nà pupa kan sì là láti abẹ́ rẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa. A gbàgbé òfin kejì lójú ẹsẹ̀. Àwa mẹ́tàlá ni a jọ dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a ya lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, olúkúlùkù gbé fóònù sókè, ọkọ̀ sì tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi fọwọ́ kan etí rẹ̀. Awakọ̀ kígbe mọ́ wa bí ẹni kígbe mọ́ ọmọdé: “Ẹ jókòó! Ṣé oòrùn ni ẹ fẹ́ tẹ̀ lé ni?” A fi ìtìjú jókòó.

A rántí Màmá. A ní kí wọ́n jókòó sí iwájú ọkọ̀, kí wọ́n kẹ̀yìn sí oòrùn, a sì ya wọ́n léraléra. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fọ́tò náà, oòrùn mọ́lẹ̀, omi ń dán, gèlè Màmá dúró rekete, ojú wọn sì dúdú bí èédú. Nígbà tí a tẹ ojú fóònù kí ó lè mú ojú wọn mọ́lẹ̀, Màmá hàn, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀run di funfun bí ìwé. A tún un yà, a tún un yà, oòrùn sì wọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́.

ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN PÉRÉ

Awakọ̀ ní ó tó àkókò. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré nítorí Màmá. Ó kọ̀. A tún bẹ̀ ẹ́, àwọn àgbà inú wa sì dá sí i, títí tí ó fi dákẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, àwa ni a jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó mọ omi ti sọ̀rọ̀, àwa tí a kò mọ̀ ọ́n sì fi ọjọ́ orí àti iye wa bò ó mọ́lẹ̀.

Bí a ti dúró, ìṣàn omi ń gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀, a kò sì fura. Ní ọ̀sà wa, koríko kan wà tí ó ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò. Láti àwọn ọdún 1980 ni ó ti gba omi wa. Ní ìparí ìgbà òjò, nígbà tí omi dídùn láti inú àwọn odò bá ti lé omi iyọ̀ padà, a máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi rò pé oko ni. Nígbà tí awakọ̀ ṣí ẹ́ńjìnnì, ó hu, ó kọ́, ó sì kú. Koríko náà ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ omi.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Èbúté jìnnà, kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí, iná afárá sì ti ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko láìwí nǹkan kan. Àwọn kan nínú wa tún fẹ́ dìde láti ràn án lọ́wọ́. Ohùn tí ó dá wọn dúró kò le, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ.

Màmá ní, “Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ìyá mi a ní kí a jókòó lé ẹrù wa, kí a má ṣe pariwo mọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ẹrù kì í bẹ̀rù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í da ọkọ̀ nù.”

A jókòó bí ẹrù.

FỌ́TÒ MÀMÁ

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Màmá wo ọmọkùnrin ayàwòrán náà, tí wọ́n sì bi í léèrè pé, “Ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ ń jẹ́ kí n kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀? Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ya fọ́tò ìgbéyàwó wa ní Ẹ̀pẹ́, ayàwòrán ní kí a kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀.”

Ọmọkùnrin náà dákẹ́, ó wo ọ̀run, ó sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ kò ní ààyè láti ṣòfò bí àwa. George da Costa, tí a bí ní Èkó ní 1853, tí ó sì ti jẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé C.M.S. títí di 1895 kí ó tó sọ fọ́tò di iṣẹ́ rẹ̀, bá awo gíláàsì ṣiṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí ó tó ṣí ojú kámẹ́rà, nítorí pé gíláàsì kan, àwòrán kan ni. Fóònù wa gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a kò sì ronú lórí ọ̀kan.

Oòrùn ti wọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò tí ì tán. Lẹ́yìn ìwọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìwọ̀-oòrùn tún tàn, pupa rúsúrúsú nísàlẹ̀, elése àlùkò lókè. Kò sí ohun tí ń ta ni lójú mọ́ nínú rẹ̀. Màmá rọra yí ìdí padà lórí ìjókòó wọn, wọ́n kọjú sí ọ̀run náà. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ níwájú wọn, ó kẹ̀yìn sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ́ńjìnnì tí ó kú kò gbọn ọkọ̀ mọ́, omi sì tòrò. Ó ya ẹyọ mẹ́ta péré. Kò sí oòrùn nínú ọ̀kankan. Ojú Màmá ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa náà sì wà lára rẹ̀ bí osùn. Lẹ́yìn wọn, ọ̀sà ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn. Òkùnkùn biribiri ni a gún sí èbúté, àwọn ará ilé tí ó ń dúró dè wá sì ti ń fi fóònù pè wá lákòókò tí a kò lè gbọ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ awakọ̀. Ó kàn sọ pé, “Ẹ dúpẹ́ pé koríko ni. Bí ó bá jẹ́ ìjì ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ náà bá wa dé ilé.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń yin àìgbọràn wa nítorí pé fọ́tò dáadáa jáde níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó wà ní èbúté. Bí a bá ti gbọ́ràn, à bá ti ya Màmá lórí ilẹ̀ tí ó le, ọkàn ẹnikẹ́ni kì bá sì ti fò. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe irú ìrìn yìí, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ ti máa bọ̀ wálé nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kí ó wọ ẹ̀wù ìléfòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìdajì ẹgbẹ́ jókòó nígbà tí ìdajì bá ń yà, kí ó má sì tètè kó fóònù sápò nígbà tí oòrùn bá ti lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fọ́tò oòrùn tí àwa méjìdínlógún yà lọ́jọ́ náà lé ní irínwó. Ọ̀kan jọ èkejì, a kò sì mọ ẹni tí ó tún wò wọ́n láti ìgbà náà. Ti Màmá ti wà nínú férémù. A rò pé wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí de ọjọ́ tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ kí wọn, a bá a lára ògiri pálọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń bà á. Màmá ní àwọn kò rí ìdí tí àwọn yóò fi dúró títí àwọn yóò fi kú kí ó tó di pé ẹnì kan ń wò ó. Wọ́n ní àwọn pàápàá fẹ́ máa wò ó.